Ìlà Tó Dúró Sínú Kọ̀ǹpútà Ilé Epo Wa

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi wo ìlà. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń bi mí léèrè irú iṣẹ́ tí mo ṣe kí n tó fẹ̀yìntì, wọ́n á rò pé ilé epo bẹntiróòlù ni mo ti máa ń dúró pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Rárá o. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ṣe, nílé-iṣẹ́ epo pupa kan tó wà láàárín Odigbo àti Ore. Ìlà tí mo ń wò kò sí níta. Inú kọ̀ǹpútà ló wà, níbi tí ojú lásán kò lè dé. Bí mo bá rántí pé èmi ọmọ àgbẹ̀ Omifunfun fi ojú ara mi rí i, orí mi ṣì máa ń wú títí di òní.

N kò ní fi bí mo ṣe ríṣẹ́ dá yín dúró. Mo mọ taípù tẹ̀, wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ̀, ó parí. Owó oṣù kò tó nǹkan, kì í sì í tètè dé. Ìgbà ológun ni, nǹkan le koko. Ọjọ́ tí ẹ bá rí ìyọ̀ rà, ẹ ò ní rí ọṣẹ. Àwọn sójà ló kọ́ wa láti máa tò sórí ìlà. Ẹni tó bá já wọ iwájú ẹlòmíràn, kòbókò ni, tàbí kí wọ́n ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lójú gbogbo ayé. Mo tò fún mílíìkì, mo tò fún kẹrosíìnì, mo tò fún ọkọ̀ ní gáréèjì Ore. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìlà ni màá fi jẹun títí màá fi darúgbó.

Ẹni tó fà mí kúrò nídìí taípù ni Ọ̀gá Akíndélé. Ọmọ Odigbo ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ti ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà l'Ékòó láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ti ń gba odidi yàrá. Òun nìkan ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà àgbà ilé-iṣẹ́ wa, èyí tí a ń pè ní sáfà, nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí. Unix ni orúkọ ètò tó ń darí rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ yàrá yẹn, tí mo gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń kùn láìdákẹ́, mo na ọwọ́ sí kíbọ́ọ̀dù.

"Gbé ọghọ́ ẹ kúrò níbẹ̀!"

Bẹ́ẹ̀ ni àwa Ìkálẹ̀ ń pe ọwọ́. Bí inú bá ti bí Ọ̀gá, Yorùbá inú ìwé á sá kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Oṣù mẹ́fà ni o máa fi wo nǹkan kí o tó fọwọ́ kàn án," ó ní. Mo rò pé ó ń ṣeré. Ẹni tó bá mọ Ọ̀gá Akíndélé mọ̀ pé kì í ṣeré.

Lọ́jọ́ kejì, ó fún mi ní ìwé kékeré kan àti bírò, ó ní kí n lọ jókòó sẹ́nu géètì. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo àwọn lọ́rì tó kó ẹyìn wá. Mélòó ló dúró síta tí a kò tíì jẹ́ kí wọ́n wọlé? Mélòó la ti wọ̀n tán lórí òṣùwọ̀n ńlá tí lọ́rì ń gùn, tí wọn kò sì tíì rí ọ̀nà jáde? Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìdajì wákàtí ìdajì wákàtí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko! Eruku bò mí, àwọn awakọ̀ ń pè mí ní ìyàwó géètì, àwọn tí a jọ ń tẹ taípù ń wò mí lójú fèrèsé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo sunkún nílé. Mo gbà pé ọkùnrin yìí fẹ́ kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé, ó pè mí padà. Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tó ṣe, ó béèrè pé, "Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, lọ́rì mẹ́tàlá dúró síta, ẹyọ kan ni kò rọ́nà jáde. Níbo ni wàhálà wà?"

"Níbi òṣùwọ̀n ni, sà. Ẹni tó ń wọ̀n wọ́n ló fà sẹ́yìn."

"Lọ́jọ́ Ẹtì ńkọ́? Méjì níta, mẹ́wàá nínú."

"Òṣùwọ̀n ti ṣe tiẹ̀ tán, sà. Ọ̀nà àbájáde ló dí."

Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi. Ó tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, netstat, ìlà ọ̀rọ̀ mẹ́rin sì jáde. Ìlà kọ̀ọ̀kan dúró fún kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń bá sáfà sọ̀rọ̀ láti inú wáyà: ti géètì, ti òṣùwọ̀n, ti yàrá àyẹ̀wò, àti ti ibi tí wọ́n ti ń se ẹyìn. Nọ́ńbà méjì wà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Òyìnbó pe ọ̀kan ní Recv-Q, ó pe èkejì ní Send-Q, ṣùgbọ́n Àbọ̀ àti Àlọ ni Ọ̀gá ń pè wọ́n. Àbọ̀ ni ọ̀rọ̀ tó ti dé ọ̀dọ̀ sáfà tí ètò iṣẹ́ wa kò tíì gbé. Àlọ ni èsì tí ètò wa ti sọ, tí ẹni tí a sọ ọ́ fún kò tíì gbà.

"Ohun tí o ń wò ní géètì láti ọ̀sẹ̀ méjì nìyí," ó ní. "Lọ́rì ni wọn. O kàn ń rí wọn láti òkè ni."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ara mi bù máṣọ. Àpótí irin ni mo ń wò látẹ̀yìnwá, tó ń kùn, tó ń tan iná pupa. Lójijì ni mo rí i pé ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ tó ń rìn, tó ń dúró de ara wọn, tó ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láìsí sójà kan tó ń nà wọ́n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọ̀gá kò sọ pé kí n dákẹ́. Ó fún mi ní àǹkáṣíìfù rẹ̀, ó sì jáde.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀kọ́ gidi ti bẹ̀rẹ̀. Òdo níwájú òdo, àlàáfíà ni. Bí nọ́ńbà bá ga, má sáré. Wò ó lẹ́ẹ̀kan, dúró ní ìdajì ìṣẹ́jú, wò ó lẹ́ẹ̀kejì, tún dúró, wò ó lẹ́ẹ̀kẹta. Bó bá ń lọ sókè sódò, iṣẹ́ pọ̀ ni. Bó bá ga tí kò mì rárá, ẹnì kan ti dá ẹnì kan dúró nìyẹn. Kí n sì má ṣe yára pa ètò kí n tún un tan, nítorí gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń dúró nínú ìlà ló máa ṣègbé.

Mo gbọ́ o, ṣùgbọ́n n kò gbọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Ọ̀gá lọ sí Àkúrẹ́, Àbọ̀ òṣùwọ̀n ga, ọkàn mi fò, mo pa ètò, mo tún un tan. Òdo níwájú òdo! Inú mi dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè mí pé ìwọ̀n lọ́rì mọ́kànlá ti pòórá. Nígbà tí Ọ̀gá dé, kò pariwo. Ó ní kí n lọ wá lọ́rì mọ́kànlá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n gba ìwọ̀n wọn padà. Alhájì tó jẹ́ olórí àwọn awakọ̀ ní gáréèjì Ore ló bá mi bẹ̀ wọ́n, tó ń sọ fún gbogbo wọn pé, "Ẹ ṣàánú ọmọ yìí, ó fi ìka pa ọjọ́ iṣẹ́ yín ni." Mẹ́sàn-án ni mo rí. Láti ìgbà náà, bí ọwọ́ mi bá fẹ́ sáré, mo máa ń jókòó lé e.

Irinṣẹ́ ń yí padà níṣojú mi. Mo bá taípù tí ribọ́ọ̀nù rẹ̀ máa ń yí ènìyàn lọ́wọ́, mo bá kọ̀ǹpútà tí lẹ́tà ojú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tútù lórí dúdú, mo bá wáyà dúdú tó nípọn tí eku ilé epo fẹ́ràn láti máa jẹ. Nígbà tí mo máa fi kúrò níbẹ̀, sáfà wa kò tóbi ju àpótí bàtà lọ, wáyà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun àtijọ́. Ọmọ mi obìnrin ń ṣe irú iṣẹ́ yìí báyìí. Nígbà kan tó wá kí mi, mo ní kó fi hàn mí. Nọ́ńbà méjì yẹn ṣì wà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan! Ẹ̀rọ ti yí padà tán, ṣùgbọ́n dídúró de ara ẹni kò yí padà. Mo kàn ń mi orí ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ọjọ́ burúkú yẹn.

Ìjọba ológun gbé alákòóso kan lé wa lórí. Ọ̀gá sójà onípò Mẹ́jọ̀ ni, ọmọ Yorùbá láti apá òkè, ẹni tí aṣọ rẹ̀ kì í rún. Ó fẹ́ mọ gbogbo nǹkan. Ó ní kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan sí ọ́fíìsì òun lórí òkè, kí orúkọ lọ́rì kọ̀ọ̀kan máa hàn lójú rẹ̀ bí a bá ti wọ̀n ọ́n. Ọ̀gá sọ fún un pé ètò wa kò lágbára, kí ó fún òun ní oṣù kan láti tún un ṣe. Mẹ́jọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ni òun fún un. A fi wáyà so kọ̀ǹpútà náà mọ́ sáfà, ó sì ṣiṣẹ́.

Ó ku díẹ̀ kí òjò dé, ìgbà tí ẹyìn ń ya wọlé. Lọ́jọ́ Ajé kan, gbogbo nǹkan dúró wámú. Géètì kò rí ìwé ìwọlé tẹ̀ jáde, òṣùwọ̀n kò dáhùn. Wọ́n pàṣẹ pé kí a pa ètò kí a tún un tan. Ó ṣiṣẹ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú, ó tún dá dúró. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n pe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kan wá láti Èkó, ó wò ó, ó ní ètò kò ráàyè ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i, sáfà ti darúgbó, kí a ra tuntun. Ó gba Èkó lọ.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìlà lọ́rì ti gùn láti géètì wa dé títì ọlọ́dà. Àwọn àgbẹ̀ Araromi-Obu àti Omifunfun dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyìn wọn, wọ́n ń lé eṣinṣin. Ẹyìn tí a ti gé kì í dúró de ènìyàn. Bí a kò bá tètè sè é, epo rẹ̀ á kan. Òórùn kíkan náà ti dé inú yàrá wa.

Mẹ́jọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá. Ó ní kì í ṣe ẹ̀rọ ló bàjẹ́, ẹnì kan ló ń ba iṣẹ́ ìjọba jẹ́, ta ló sì mọ̀ ọ́n bà jẹ́ ju ẹni tí kò fẹ́ kí òun ní kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀? Sójà méjì di Ọ̀gá Akíndélé mú lápá. Ojú mi ló ṣe. Wọ́n tì í mọ́ yàrá kékeré kan nídìí géètì. Mẹ́jọ̀ ní bó bá di aago mẹ́rin tí lọ́rì kò bá rìn, Lándírófà á gbé e lọ sí Àkúrẹ́. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí wọ́n bá gbé lọ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í mọ ọjọ́ àbọ̀ rẹ̀.

Ìyàwó Ọ̀gá, Ìyá Dúpẹ́, sáré dé láti Odigbo lórí ọ̀kadà, ìbòrí rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà.

"Bọ́lá," ó bi mí, "ṣé wọ́n á jẹ́ kó padà wálé?"

Mo wọlé, mo jókòó sórí àga Ọ̀gá, mo sì jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ ọ̀rọ̀ kan yẹn. Àbọ̀ géètì, 380. Àbọ̀ òṣùwọ̀n, 1240. Àbọ̀ yàrá àyẹ̀wò, 96. Ti ibi tí wọ́n ti ń se ẹyìn, òdo, nítorí ẹyìn kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo dúró, mo tún wò. Kò mì. Ohun tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ Èkó rí náà nìyẹn: ọ̀rọ̀ ń dé, ètò kò kà á. Ìka mi ti ń lọ láti pa ètò. Mo ní kí n wò ó lẹ́ẹ̀kẹta ná, nítorí Ọ̀gá.

Ìgbà náà ni mo ka ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kì í ṣe mẹ́rin. Márùn-ún ni. Ojú wa ti mọ́ mẹ́rin látọjọ́ pípẹ́, ibi tí a mọ̀ nìkan la máa ń wò. Ìkarùn-ún wà nísàlẹ̀ pátápátá: Àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ òdo, Àlọ rẹ̀ jẹ́ 8192. Mo dúró. 8192. Mo tún dúró. 8192.

Ọ́fíìsì Mẹ́jọ̀ ni.

Ó yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ara ètò wa le. Ó gbé ọ̀rọ̀ lọ fún Mẹ́jọ̀, Mẹ́jọ̀ kò gbà á, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́, kò lè padà sẹ́yìn, kò lè dá ẹlòmíràn lóhùn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn yòókù fi ń ga. Ẹni tí kò ṣàìsàn rárá la ń fún lóògùn láti àná! Bí mo bá já Mẹ́jọ̀ kúrò lórí ìlà, ìbàjẹ́ iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń wí ni mo ṣe yẹn. Bí mo bá pa ètò, ìwọ̀n àwọn lọ́rì ṣègbé, yóò sì tún dá dúró. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Mo gun òkè lọ. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Báwo ni ẹ ṣe fẹ́ sọ fún sójà, nígbà náà, pé òun ló jẹ̀bi? Mẹ́jọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, ó ń fi igi ìtayín ta eyín. Kọ̀ǹpútà wà níwájú rẹ̀, orúkọ lọ́rì kún ojú rẹ̀, wọ́n dúró sójú kan.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà, bí orúkọ àwọn lọ́rì bá ń sáré kọjá jù, kí lẹ máa ń ṣe?"

"Mo máa ń dá a dúró." Ó fi ìka kan tọ́ka sí bọ́tìnì kan lórí kíbọ́ọ̀dù, èyí tó ń dá ohun tó ń sáré lójú ẹ̀rọ dúró. "Mo fẹ́ kà á. N kì í ka nǹkan tó ń sá."

"Ṣé ó máa ń dúró, sà?"

"Ohun tí mo bá ní kó dúró, ṣé ó lè ṣàìdúró?"

"Kò lè ṣe é, sà. Ó bẹ̀rù yín ni. Ó bẹ̀rù yín débi pé láti ìgbà tí ẹ ti ní kó dúró, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Títí kan géètì."

Ó yọ igi ìtayín lẹ́nu. Ó wò mí. Mo rò pé ilẹ̀ á lanu.

"Ẹ ní kó máa lọ, sà," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́."

Ó tẹ bọ́tìnì náà. Orúkọ lọ́rì ya lójú ẹ̀rọ bí òjò. Fún ìṣẹ́jú kan, kò sí nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn náà, láti ìsàlẹ̀, a gbọ́ ẹ́ńjìnì lọ́rì kan. Òmíràn tẹ̀ lé e. Òmíràn. Ariwo náà ń lọ sẹ́yìn láti géètì títí dé ojú títì, lọ́kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tò. N kò pa ètò, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó sọnù nínú gbogbo èyí tó ń dúró. Mẹ́jọ̀ lọ sójú fèrèsé.

"Ìka kan?" ó béèrè. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ìka kan ṣoṣo, sà."

Àwa méjèèjì dúró, a ń wò wọ́n. Mo sọ fún yín tòótọ́tòótọ́, ẹ̀rù sójà kúrò lọ́kàn mi fúngbà díẹ̀. Ohun tó kù níbẹ̀ ni ìyanu náà nìkan.

Nígbà tó yípadà, ó ní, "Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ jáde nínú yàrá yìí."

"Kò ní jáde, sà," mo ní, "bí Ọ̀gá mi bá lè jáde nínú yàrá tiẹ̀."

Ó fẹ́ bínú. Ẹ̀rín ló wá. Ó pe sójà.

Ẹyìn lọ́rì bíi mélòó kan kò ṣe é sè mọ́, wọ́n kó o dànù, àánú àwọn tó ni ín sì ṣe mí gidigidi. Ṣùgbọ́n Lándírófà kò gbé ẹnikẹ́ni lọ. Kí aago mẹ́rin tó lù, Ọ̀gá Akíndélé wọ yàrá kọ̀ǹpútà, láìwọ bàtà, bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ méjì ti já. Ìyá Dúpẹ́ di ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn, ó ń sunkún, ó ní kó jẹ́ kí àwọn máa lọ sílé. Ọ̀gá rọra já ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó ní kó dúró de òun níta.

Mo dìde kúrò lórí àga rẹ̀ kíákíá. Kò jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó wo ojú ẹ̀rọ. Ó dúró ní ìdajì ìṣẹ́jú, ó tún wò ó. Ó tún dúró. Òdo níwájú òdo, ìlà márààrún.

"Kí lo rí?" ó béèrè.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: 380, 1240, 96. Mo sọ ìkarùn-ún, mo sọ 8192 lẹ́ẹ̀mẹta bí mo ṣe rí i. Mo sọ pé n kò pa ètò. Ó ń gbọ́, kò wojú mi.

Lẹ́yìn náà ó dìde dúró ṣánṣán, ó fa àga yẹn sẹ́yìn.

"Ẹ jókòó," ó ní.

Mo wẹ̀yìn wò. Mo rò pé Mẹ́jọ̀ ló wọlé. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú yàrá náà ju èmi àti òun lọ.